Ìjánu Alùpùpù Màámi

Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì

Rọra ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ọ̀hún ti ń dẹwọ́? Èmi wà bí mo ṣe wà. Ara le, ẹnu le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jiyàn. Má bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ wí lórí fóònù, o máa ní, "Màámi, mi ò gbọ́ yín mọ́." Lẹ́tà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, o máa kà á dópin ni.

Alùpùpù oníbátìrì tí o rà fún mi ti dákẹ́. Àná ni. Mo ń gun òkè ẹ̀yìn ilé ìwòsàn lọ, ó kọ́kọ́ ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà mo gbọ́ òórùn bí ike tó ń jó, ló bá dúró gbagidi. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bá mi tì í dé ẹ̀gbẹ́ títì. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn.

Oníwáyà tó ń tún nǹkan oníná ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì mi tú u wò. Ó ní bátìrì kò ní nǹkan, ẹ́ńjìnnì inú táyà kò ní nǹkan, ìjánu rẹ̀ ló jó. Ó bi mí pé kí ló fà á. Mo ní òjò ni. Ó wo ojú ọ̀run, ó tún wò mí.

Nítorí náà, bá mi wá ìjánu tuntun. Kó le o, kó lè gun òkè. Ìwọ lò ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún irú ẹ̀ ṣe, má dójú tì mí. Ní báyìí, ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbé búrẹ́dì kiri, orúnkún yìí sì ti ń kìlọ̀ fún mi. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ kí n jókòó sílé kí n máa wo àjà ni, sọ ọ́ síta kí n gbọ́. Má fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun fún mi.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì

Màámi mi àtàtà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà orúnkún. Ara mi dá. Yàrá mi ṣì wà bí ẹ ṣe rí i nínú fọ́tò, ibùsùn, tábìlì kan, àti fèrèsé tó dojú kọ ògiri ilé ẹlòmíì. Iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀pọ̀ alùpùpù tí wọ́n ń gbé wá síwájú mi, eré àsápajúdé ló bà á jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yín fi já mi láyà. Màámi, ìjánu kì í dédé jó. Ẹni tó bá ń sáré ṣáá, tó wá ń tẹ ìjánu lójijì, tiẹ̀ ló máa ń jó. Ẹ ti kọjá ọgọ́ta ọdún. Mo mọ òkè tí ẹ ń sọ yẹn dáadáa, bí èèyàn bá ń ti orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, kì í ṣe ibi eré. Ọ̀gá mi bá mi yan ìjánu tó dáa jù nínú ṣọ́ọ̀bù, ti iwájú àti tẹ̀yìn, tòun ti okùn irin rẹ̀. Mo fi akoto kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dé e, kódà tó bá jẹ́ ìkángun òpópó lẹ fẹ́ lọ.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò tó bá yín tì í. Ẹ máa rọra.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta

Rọra,

Ẹrù rẹ dé. Mo tú u, mo rí ìjánu iwájú, mo rí ìjánu ẹ̀yìn, mo rí okùn, mo rí akoto. Mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Oníwáyà tiẹ̀ ní láti di ilẹ̀kùn mú kó má bàa ṣubú. Ọmọ mi, alùpùpù tí kò lè rìn, kí ló fẹ́ fi bíréèkì ṣe? Ó ti dúró. Kò sí bíréèkì tó lè mú un dúró ju bó ṣe dúró yìí lọ.

Ìjánu tí Oníwáyà ń sọ, àpótí irin pẹlẹbẹ kan ni. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ilà-ilà bí egungun ìhà, wáyà oríṣiríṣi sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́ ibi tí mo ń gbé ẹsẹ̀ lé ló wà. Ó ní iná tó ń ti inú bátìrì bọ̀, bí ẹṣin ni, tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á kàn tú jáde ni. Àpótí yẹn ló ń kó o níjàánu. Bí mo bá yí ọwọ́, á dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá dá ọwọ́ padà, á fà á. Òun ló ṣe ń pè é ní ìjánu. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún máa pè é ní kọntírólà. Mo ní tí wọ́n bá ń pè é bẹ́ẹ̀, ọmọ mi ì bá ti bi mí léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù.

Mo sì rí ibi tí o ti ń ka ọjọ́ orí mi fún mi. O ṣeun. Èmi ni mo bí ọ, mo mọ̀ ọ́n kà. Ìwàásù rẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí o. O ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí o ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ò ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé kí wọ́n rọra, títí orúkọ tí a sọ ọ́ fi di ìgbàgbé. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, á ní, "Ẹ jẹ́ ká rọra o, ọ̀gá ti dé."

Akoto náà fún mi lórí, irun mi ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó bá wọn mu gẹ́lẹ́, kò ṣòfò.

Tètè dá mi lóhùn. Ilé ìwé ti ń sọ pé búrẹ́dì mi ń pẹ́ dé.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta

Màámi mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ ọ́ fún ọ̀gá mi tó bá mi yan bíréèkì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ kọntírólà níbí, mo ti gbàgbé pé nǹkan méjì lè máa jẹ́ ìjánu lẹ́nu wa.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe é bó ṣe yẹ. Kọntírólà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà nítorí pé ó tóbi. Ẹ bá mi wo ara bátìrì, ẹ kọ iye fóòtì tó wà níbẹ̀, torí fóòtì wọn gbọ́dọ̀ bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ẹ bá tan án náà ló máa jó. Ẹ wo ara ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ iye wáàtì rẹ̀. Ẹ ka wáyà tó ti inú táyà jáde: mélòó ló nípọn, mélòó ló tẹ́ẹ́rẹ́? Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń sọ fún kọntírólà ibi tí táyà yí dé. Tí kọntírólà bá kéré, iná tí òkè ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ á pọ̀ jù fún un, á gbóná, á jó. Tó bá sì tóbi jù, ohun tí bátìrì ò ní ló máa máa fà lára rẹ̀, àtòun àti ẹ́ńjìnnì ló máa bà jẹ́. Ohun tó tó ni à ń wá.

Nítorí náà mo gbọ́dọ̀ mọ ẹrù tí ẹ ń gbé gun òkè. Ẹ bá mi fojú díwọ̀n rẹ̀.

Màámi, ta ni wọ́n tí akoto bá mu?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin

Rọra ọmọ mi,

O kú ìbéèrè. Kí wọ́n tó fún mi ní ọkọ pàápàá, wọn ò bi mí tó báyìí.

Bátìrì: fóòtì méjìdínláàádọ́ta. Ẹ́ńjìnnì: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wáàtì. Wáyà tó nípọn, mẹ́ta. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, márùn-ún. Oníwáyà bá mi kà á, mo tún un kà lẹ́yìn rẹ̀ torí mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ohun tó jẹ mọ́ òkè yẹn.

Ní ti ẹrù: bí mo bá kó búrẹ́dì kúrò nídìí ààrò, ilé ìwé ni mo kọ́kọ́ ń já tiwọn sí, lẹ́yìn náà mo máa já ìyókù sí ilé ìdáná ilé ìwòsàn. Àwọn alásè ibẹ̀ ń kí ọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń gun òkè. Èmi àti ẹrù mi, ṣáà kà á sí èèyàn méjì. Ra èyí tó lè gbé èèyàn méjì, má ṣahun.

O tún bi mí nípa akoto. Akoto wà, kò sọnù.

Ṣé ò ń jẹun? Nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ọrùn rẹ ti gùn ju bí mo ṣe bí ọ lọ.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin

Màámi mi,

Mo ń jẹun. Ọrùn mi kò gùn, ẹ̀wù náà ló fẹ̀.

Mo jókòó, mo ṣírò. Tí ẹ bá ti já búrẹ́dì sí ilé ìwé, tí ẹ tún já ìyókù sí ilé ìwòsàn, àpótí òfìfo lẹ ń gbé gun òkè. Òfìfo kì í wúwo bí èèyàn. Mo bi yín léèrè, ẹ ò dá mi lóhùn, mo sì mọ ilé wa: ẹni tí kò bá dáhùn, ó ti dáhùn. Ìgbà tí mo padà ka lẹ́tà yín àkọ́kọ́ ni mo rí i pé ẹ ní wọ́n "sọ̀ kalẹ̀" kí wọ́n tó bá yín tì í. Níbo ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí ni mo ṣe ń béèrè. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní.

Kọntírólà ló wà nínú ẹrù yìí. Ó tó ẹni kan àti búrẹ́dì. Ẹ fún Oníwáyà ní ìwé yìí kó kà á: kó má dá a padà sábẹ́ ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni omi títì ń ta sí. Kó gbé e sábẹ́ àga ìjókòó, kó fi bóòtì dè é mọ́ àwo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo fi kún un, kí ooru lè rí ibi gbà jáde. Kí ẹnu wáyà kọjú sísàlẹ̀, kí omi tó bá ṣèèṣì débẹ̀ lè kán dànù. Kó má fi ọ̀rá wé e o. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé àwọn ń dáàbò bò ó, ṣe ni wọ́n ń sé e léèmí. Kó fi fíúsì yìí sí ìtòsí bátìrì, tí nǹkan bá fẹ́ ṣe, òun ni kó kọ́kọ́ kú. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá dé ìdí òkè, ẹ má yí ọwọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ máa rí wáyà funfun méjì tí mo ti so pọ̀. Ẹ má tú u. Ààbò ni.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ìjánu dé, ó sì bá alùpùpù mu. Oníwáyà ṣe gbogbo rẹ̀ bí o ṣe kọ ọ́, abẹ́ àga, àwo irin, fíúsì, ó tiẹ̀ ní ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́ ọ dáadáa. Mo tan án, ó tàn. Mo gùn ún jáde sí títì, inú mi ń dùn. Ìyá àgbà kan tó ń tẹ̀pá lọ kí mi káàárọ̀, ó kọjá lára mi, ó tún bojú wẹ̀yìn wá wò mí bóyá nǹkan ṣe mí.

Mo gbé e padà fún Oníwáyà. Ó wo abẹ́ àga, ó rí wáyà funfun méjì, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, alùpùpù yín ò ṣàìsàn. Ọmọ yín ló so yín mọ́lẹ̀."

Nítorí náà, wáyà tí o pè ní ààbò, òun ni kì í jẹ́ kó sáré. O purọ́ fún mi, Rọra. O lè kọ ọ́ fún mi pé, "Màámi, mi ò fẹ́ kí ẹ sáré," à bá jọ jà á tán. Kàkà bẹ́ẹ̀, o fi ìjánu há ìyá rẹ lẹ́nu láti òkèèrè, o wá ní ààbò ni. Ó dùn mí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tú u.

Wàyí o, ìwọ náà gbọ́ òótọ́. O ti ń bi mí pé ta ni wọ́n. O rò pé ará àdúgbò ni, bí ẹni pé èrò ń tọ̀ mí lẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Mo ń pe wọ́n ní wọ́n torí pé wọ́n jù mí lọ, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Aláago ni, tí ṣọ́ọ̀bù wọn dojú kọ ilé búrẹ́dì mi, tí wọ́n máa ń fi awò sójú kan ṣoṣo tún aago ṣe. Orí òkè ni ilé wọn wà. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú ní àtẹ̀gùn. Bí a bá ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, èmi ni mo ń gbé wọn lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí ìjánu àkọ́kọ́ fi jó. Kì í ṣe òjò.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, èmi àti rédíò la jọ ń jẹun. Mi ò sọ fún ọ torí pé kò sí ohun tí o lè ṣe sí i. Ní báyìí, Aláago máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí a jọ máa gbé. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ọmọ mi ná. Kì í ṣe àṣẹ ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ, mi ò tíì ya wèrè. Mo kàn fẹ́ kí inú rẹ dùn fún mi ni. Tí inú rẹ kò bá dùn, mo lè ṣe é síbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní lè gbádùn rẹ̀.

Ìjánu tí o fi ránṣẹ́ kò gbé àwa méjèèjì. Tó bá ti gbóná, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkè, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ yẹn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọn kì í ráhùn.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà

Rọra,

Ó ti lé ní oṣù kan. Mo ti bi ilé ìfìwéránṣẹ́ títí, wọ́n ti mọ ohùn mi.

Tó bá jẹ́ ìbínú ni, bínú kí n rí i. Kọ èébú pàápàá, màá kà á. Àwọn alásè ilé ìwòsàn bi mí pé ọmọ mi ńkọ́, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Aláago kò bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù wọn lánàá, wọ́n kàn fa àga fún mi. Mo sọ fún wọn pé kí a ṣì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n ní kò burú. Ó burú, ọmọ mi.

Ṣé ara rẹ yá? Ìyẹn nìkan ni kí o kọ, tí o kò bá lè kọ òmíì.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje

Sí Bàbá Aláago,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ ò mọ̀ mí, àfi èyí tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu màámi, mo sì mọ̀ pé wọn ò ní bù mọ́ ọn, wọn ò sì ní yọ kúrò. Èmi ni ọmọ wọn tí wọ́n ń pè ní Rọra. Mo ti kọ tiwọn lọ́tọ̀, mo ti tọrọ àforíjì lórí wáyà funfun àti lórí ìdákẹ́ mi. Mo ní kí n kọ èyí sí ẹ̀yin fúnra yín.

Mo bínú, sà. Mi ò ní bò ó mọ́ra. Mo kọ lẹ́tà, mo ya á. Mo tún kọ, mo tún ya á. Lójú mi, ìjókòó bàbá mi lẹ fẹ́ jókòó sí. Lọ́jọ́ kan ni mo délé láti ibi iṣẹ́, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ síwájú fèrèsé mi, mo tan fóònù sí ètò tí mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́, kí ohùn kan ṣáà lè wà nínú yàrá. Mo rántí pé màámi sọ fún mi nípa rédíò, pé láti ìgbà tí bàbá mi ti lọ ni wọ́n ti ń jẹun bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n rọra. Mo gbé abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mú bébà. Inú mi dùn pé ẹ wà níbẹ̀, sà. Ó pẹ́ kí n tó lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Kọntírólà tó wà nínú ẹrù yìí, ti èèyàn méjì ni. Mo ti wò ó dáadáa, bátìrì wọn máa lè bọ́ ọ, wáyà rẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, fíúsì tirẹ̀ náà wà nínú ọ̀rá kékeré. Mi ò so nǹkan kan pọ̀ lára rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún Oníwáyà pé kó fa bóòtì rẹ̀ le, nítorí gbígbọ̀n ọ̀nà máa ń tú u. Tí ẹ bá dé orí òkè, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Tó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò lè gbà á, ẹ jẹ́ kó sinmi kí màámi tó padà sílẹ̀. Ẹ̀yin ni mo gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, torí wọn ò ní sùúrù láti fọwọ́ kàn án.

Màámi sọ pé akoto bá yín mu. Mo ti fi òmíràn tó fẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, ẹ jẹ́ kí tiyín máa wà lórí yín.

Ó ku ohun kan, sà. Ẹ̀yin lẹ máa wà lẹ́yìn. Ọ̀nà òkè yẹn ní kòtò, màámi kì í sì í yà fún kòtò. Ẹ má di irin ìjókòó mú, kò lágbára. Ìyá mi ni kí ẹ dì mú. Ẹ dì wọ́n mú dáadáa.

Ọmọ yín